Ojú, Ọ̀pá, Ojóbó: Kíkọ Bátànì Kóróṣé ní Yorùbá

Ẹni tó ń kọ́ kóróṣé lọ́dọ̀ ọ̀gá ní Ìkàrẹ́-Àkókó kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gá jókòó, ọmọ iṣẹ́ jókòó tì í, ojú ọmọ iṣẹ́ kò kúrò lára ọwọ́ ọ̀gá.

"Kì í ṣe ihò yẹn, èyí tó tẹ̀ lé e. Fà á jáde."

"Èyí, Àǹtí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n. Tún un ṣe kí n rí i."

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin di ẹni tó ń hun fìlà ìkókó, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ àti aṣọ pẹlẹbẹ tí àwọn òbí wa fi ń bo rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀. "Èyí" àti "ibẹ̀ yẹn" ti tó wọn. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ náà bá di adárà, tó fẹ́ kọ ohun tó ti inú orí ara rẹ̀ jáde sílẹ̀ kí ẹni tó wà ní Ọ̀kà tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù lè hun ún, ọjọ́ náà ni "èyí" kò wúlò mọ́. Ẹni tó ń ka bátànì kò rí ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́.

Mo pe onítọ̀hún ní adárà nítorí pé a ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nídìí iṣẹ́ aṣọ: aránṣọ tó bá gé aṣọ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò rò, a ní ó fi aṣọ dárà. Ohun tó bá kọ sílẹ̀ ni bátànì. Àwọn kan á fẹ́ kí á pè é ní àwòṣe, àmọ́ ohun tí a gbé síwájú tí a ń wò ṣe ni àwòṣe. Fìlà tí ọ̀gá ti hun tán, tó gbé kọ́ ara ògiri, àwòṣe nìyẹn. Kíkà ni a ń ka bátànì. Àwọn aránṣọ ìgboro ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ra tipẹ́, n kò rí ìdí tí a ó fi lé e jáde.

Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tó fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí ni pé kó to orúkọ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kó máa wá Yorùbá fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò fẹnu kò. Ojú tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, òun ni àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní double crochet. Double ti Amẹ́ríkà sì ni treble ti Ìlú Ọba. Nílé wa níbí, àwọn méjèèjì lè wà lábẹ́ òrùlé kan náà: ìyá fi ìwé tó ti Ìlú Ọba wá kọ́ iṣẹ́ nígbà tó wà níléèwé, ọmọ ń wo fídíò Amẹ́ríkà lórí fóònù. Ìyá ní kó hun dọ́bù, ọmọ hun dọ́bù, fìlà tó yẹ kó dúró sí etí ìkókó wá bò ó lójú. Bí a bá wá túmọ̀ double sí ìlọ́po méjì, ìjà oníjà la rà wọ̀lú. Kí ló tilẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì nínú rẹ̀?

Àwọn ará Japan ní ọgbọ́n kan tó yẹ kí á wò dáadáa. Nínú ìwé bátànì wọn, àmì ni wọ́n ń yà. Òbìrìkítí gbọọrọ bí ẹyin ni ojú ṣéènì, àmì ìròpọ̀ tàbí ti ìsọdipúpọ̀ ni ojú tó kúrú, lẹ́tà T ni èyí tó ga jù ú lọ. Bí ó bá tún ga sí i, wọ́n á fa ìlà kékeré kan dábùú ọrùn T náà. Bí ó bá ga ju ìyẹn lọ, ìlà á di méjì. Ìlà yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Iye ìgbà tí a ó lọ́ òwú mọ́ ìkọ́ kí ìkọ́ tó wọ ihò ló ń sọ fún wa. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe nìyẹn, ọwọ́ kò sì mọ Ìlú Ọba yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà.

Níbẹ̀ ni mo gbà pé ó yẹ kí orúkọ Yorùbá ti wá. Ojú tó ga máa ń dúró bí ọ̀pá. Èyí tí a kò lọ́ òwú fún rárá ni ọ̀pá àìlọ́, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀pá ìlọ́kan, lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pá ìlọ́méjì. T tí kò ní ìlà lọ́rùn ló fẹ́ da ètò yìí rú. A lọ́ òwú lẹ́ẹ̀kan fún òun náà, àmọ́ nígbà tí okùn mẹ́ta bá wà lórí ìkọ́, a kì í fa òwú gba inú wọn ní méjì-méjì, a ó fà á gba inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlọ́kan àfàpọ̀ ni mo ń pè é. Orúkọ náà gùn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń hun ún.

Kì í ṣe pé irú iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ló ṣe olóòtú ìwé kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá ní 1984. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, ọmọ Àkókó, ṣe ìkejì ní 1990, ó sì kọ Ẹ̀kọ́ Ìṣẹ̀dá-Ọ̀rọ̀ Yorùbá ní 2008. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ni àwọn ìwé èdè-ìperí yẹn dá lé, kò sí ìkọ́ àti òwú níbẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀nà tí àwọn onígírámà tọ̀ ṣí sílẹ̀ fún wa: wọ́n yá fóníìmù wọlé láìtijú, wọ́n sì fi ẹnu ara wọn ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-ìṣe àti ọ̀rọ̀-orúkọ. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kí gbogbo rẹ̀ gba ọ̀nà kan.

Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ kóróṣé ni a kò tilẹ̀ ní láti dá. Àwọn apẹja ti ní ojú àwọ̀n, ohun kan náà sì ni ojú kóróṣé: ibi tí òwú ti kọ́ ara rẹ̀ tó fi àyè sílẹ̀. Àwọn onídìrí ti ní "ọwọ́ rẹ̀ le" àti "ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀", kò sì sí ọ̀rọ̀ tó dára ju ìyẹn lọ fún adárà tó fẹ́ kìlọ̀ pé fìlà ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le yóò kéré ju tòun lọ. "Tú u" ni wọ́n ń sọ fún irun tí kò gún, "tú u" náà ni fún ìlà tí a kà ṣì. Ojóbó ti wà lọ́wọ́ ọdẹ látìgbà ìwáṣẹ̀: kókó tó ń fún bí a bá ti ń fà á. Bí kóróṣé ṣe ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Òrùka tí àwọn olóyìnbó ń pè ní ti idán, tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ohun róbótó, kò ní idán kankan nínú. Ojóbó ńlá ni.

Ṣéènì ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n ni Yorùbá rẹ̀, àmọ́ ta ni yóò kọ "fi ẹ̀wọ̀n 30 bẹ̀rẹ̀" tí ẹni tó ń kà á kò ní rántí adájọ́? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ṣéènì, bí a ṣe ń pe ti ọrùn. Irinṣẹ́ náà, píìnì ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Ìkọ́ wù mí jù, torí pé orí rẹ̀ tẹ̀, ó sì ń kọ́ nǹkan. Kìkì pé kí ẹni tó bá ń kọ ọ́ má gbàgbé àmì orí ìró àkọ́kọ́, kó má di ohun tí à ń lo oògùn sí. Ní ti òwú, àwọn èèyàn ń pe èyí tó nípọn ní wúlù, ọ̀kan náà tí àwọn kan fi ń dirí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò mọ àgùntàn rí. Òwú ti tó fún gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo orí fìlà ìkókó bí adárà kan ní Àjọwá ṣe kọ ọ́:

Ta ojóbó ńlá. Ṣéènì 3, ó dúró fún ọ̀pá àkọ́kọ́. Hun ọ̀pá ìlọ́kan 11 sí i nínú ojóbó náà, ó di 12. Fa ìdí òwú kí ihò àárín pa dé. Ìyípo 2: ọ̀pá 2 nínú ojú kọ̀ọ̀kan, ó di 24. Ìyípo 3: ọ̀pá 1 nínú ojú kan, 2 nínú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí, ó di 36. Ìyípo 4: 1, 1, 2, bẹ́ẹ̀ títí, ó di 48.

Méjìlá ló ń gun orí ìyípo kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ náà fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá dẹ́kun fífi kún un, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀, ó di fìlà. Bí iye tó ń fi kún ìyípo kọ̀ọ̀kan bá ju méjìlá lọ, etí rẹ̀ á máa ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ewé ẹ̀fọ́. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yìí ni Daina Taimina, onímọ̀ ìṣirò ní Yunifásítì Cornell, mọ̀ọ́mọ̀ hun ní 1997, láti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ irú ojú ilẹ̀ kan tó ṣòro láti fi bébà ṣe. Ẹni tó bá tún ń fojú ọ̀lẹ wo ẹni tó di ìkọ́ mú, kó rántí ìyẹn.

Díjíìtì ni adárà náà fi kọ iye, ó sì bọ́gbọ́n mu. Ẹ́rìndínlógójì dùn lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó ń fi ọwọ́ kan hun, tó ń fi ọwọ́ kejì tẹ fóònù, kò ráyè yọ mẹ́rin kúrò nínú ogójì. Ìkékúrú ló fún un ní ìṣòro. Ìjà lẹ́tà àkọ́kọ́: ojú, ojóbó, ọ̀pá, òwú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé fáwẹ́lì kan ni gbogbo wọn fi bẹ̀rẹ̀, fóònù mìíràn á sì gbé àmì ìdí ọ jù. Ó wá ń mú kọ́ńsónáńtì: j fún ojú, p0 fún ọ̀pá àìlọ́, p1 fún ìlọ́kan, p2 fún ìlọ́méjì. Èmi ì bá má rò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà.

Àwọn ìletò tó ní èdè tiwọn ló para pọ̀ di Àjọwá, bí orúkọ ìlú náà ṣe sọ, nítorí náà ará ibẹ̀ mọ̀ pé ohun tó yé òun lè má yé aládùúgbò. Kí adárà yìí tó ta bátànì rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọmọbìnrin kan ní Ọ̀kà tí kò rí fìlà náà rí. Ojú pé 48 láìsí àríyànjiyàn. Ibi etí fìlà ni ọmọ Ọ̀kà ti dúró, níbi tí a kọ "yí i" sí. Òun gbà pé kí òun máa hun yípo lọ. Adárà ní kó yí iṣẹ́ náà padà kó máa hun bọ̀ láti òdìkejì. Wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn títí. Ní báyìí, "hun yípo" ló wà nínú bátànì fún ti àkọ́kọ́, "sọ ẹ̀yìn diwájú" fún ìkejì. Ọmọ Ọ̀kà ló mú ìkejì wá.