Àríyànjiyàn Lórí Irin Méjì

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn àtijọ́ kan kan gbogbo àwa tí a ń wá òtítọ́. Ní 1791, Galvani ará Bologna kéde pé inú ẹran-ara àkèré ni iná mànàmáná ti ń wá. Volta ta kò ó. Ó ní ibi tí irin méjì tí kò jọra ti fara kanra ni. Ní 1898, Kelvin fi àwo bàbà àti ti síǹkì wọn ìyàtọ̀ náà. Ní 1991, Nonnenmacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín wọ̀n ọ́n: wọ́n ń yí fóltì padà títí ìgbọ̀n tí iná ń fà lára abẹ́rẹ́ náà fi dákẹ́. Volta jàre nípa irin. Síbẹ̀, iná wà nínú ẹran-ara pẹ̀lú. Ẹni tí ó borí kò kó gbogbo òtítọ́ lọ sílé.