Gbòǹgbò Inú Ìgò

Igi asofẹ́yẹjẹ kan wà lẹ́yìn ilé màmá àgbà wa nígbà kan. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí, ṣùgbọ́n gbòǹgbò làwa èèyàn ń wá. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn oníṣègùn wa ti ń fi í wo wèrè. Kálukú wá, ó gé tiẹ̀ lọ, títí igi fi kú. Ohun tó mú mi kọ ìtàn yìí nìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká ti Íńdíà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ìbátan asofẹ́yẹjẹ níbẹ̀, Rauvolfia serpentina, tí wọ́n ń lò fún wèrè bíi tiwa. Ní 1931, Salimuzzaman Siddiqui yọ èròjà ajmaline nínú gbòǹgbò rẹ̀. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba ní Switzerland yọ reserpine, tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, tó sì ń mú ara alárùn ọpọlọ rọlẹ̀. Ni gbogbo ayé bá ń wá a. Wọ́n wú ti Íńdíà. Nígbà tó yá, wọ́n yíjú sí asofẹ́yẹjẹ ilẹ̀ Áfíríkà, torí reserpine wà nínú òun náà.

Àṣé ọ̀nà mìíràn ti wà nílẹ̀. Ní 1934, Philip White ní Amẹ́ríkà gé ṣóńṣó gbòǹgbò tòmátì, ó fi í sínú ìgò omi tó ní ṣúgà àti iyọ̀ oríṣiríṣi. Gbòǹgbò náà ń dàgbà láìsí igi, láìsí ewé! Bó bá ti gùn, á gé ṣóńṣó rẹ̀ sínú ìgò tuntun. Ní 1982, Mary-Dell Chilton àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé bakitéríà Agrobacterium rhizogenes máa ń ti díẹ̀ lára jíìnì tirẹ̀ bọ inú ewéko. Ojú ibẹ̀ á hu gbòǹgbò bí irun, tó ń yára dàgbà nínú ìgò. Wọ́n ti hu gbòǹgbò ti Íńdíà yẹn bẹ́ẹ̀ ní láàbù. Bó bá dàgbà tán, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú methanol, wọ́n á sẹ́ ẹ. Ẹ ò rí i pé ìbátan egbò tí màmá àgbà ń rẹ sínú ọtí ni?

Kò rọrùn o. Ìdọ̀tí bíńtín lè ba ìgò jẹ́, iná ò sì gbọdọ̀ máa lọ. Síbẹ̀, ẹyẹ tó jẹ èso asofẹ́yẹjẹ ń gbin òmíràn síbi tó bá su sí. Àwa tá a jẹ gbòǹgbò ńkọ́?