Ṣẹ̀gilọlá, Jane Eyre àti Àwa Òǹkàwé Agége

Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó. Ó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Ó ti dàgbà, àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀, ó wá ń ka ìwà ara rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé gbọ́: bó ṣe fi ẹwà ṣe fàájì, bó ṣe ń ti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, àti ìyà tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọge pé kí wọ́n má rin ọ̀nà tí òun rìn. Àwọn òǹkàwé kọ lẹ́tà padà sí olóòtú, àwọn tó sì gbà pé èèyàn gidi ni obìnrin náà kò kéré.

Ṣùgbọ́n Isaac Babalọlá Thomas, olóòtú tó dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ ní 1928, ló kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà náà ń jáde títí di oṣù kẹta ọdún 1930, ó sì di ìwé lọ́dún yẹn kan náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, ọdún mẹ́jọ ṣáájú Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà.

Iṣẹ́ olùkọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń jẹun ní Agége, mo sì mọ̀ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti dá irú ọgbọ́n yìí rí, kí òǹkọ̀wé máa fi ẹnu ẹlòmíràn sọ ìtàn bí ẹni pé òótọ́ ni. Ní 1722, Daniel Defoe gbé ìtàn Moll Flanders, olè àti oníṣekúṣe, jáde bí ẹni pé obìnrin náà ló ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Orúkọ Defoe kò sí lára ìwé náà rárá. Ní 1740, Samuel Richardson kó lẹ́tà Pamela jọ, ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn, ó ṣe bí ẹni pé olóòtú lásán ni òun. Ní 1847, Charlotte Brontë fi orúkọ Currer Bell bojú, ó ní òun kàn ṣe olóòtú ìtàn tí Jane Eyre fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni.

Ṣùgbọ́n odindi ìwé ni tiwọn jáde, ó ti parí kí òǹkàwé tó bá a pàdé. Inú ìwé ìròyìn ni ti Thomas wà, àwọn èèyàn ń dá sí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Àdúgbò Èkó tí wọ́n mọ̀, orin tí wọ́n ti jó sí rí, ẹsẹ Bíbélì tí wọ́n ti há sórí, gbogbo rẹ̀ ni Ṣẹ̀gilọlá ń mẹ́nu bà. Ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Irú àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Agége láyé ìgbà náà. Rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 gba ìlú wa kọjá. Àwọn onígbàgbọ́ ará Èkó tó mọ̀wé, bíi J. K. Coker, aṣáájú nínú Ìjọ African Church, ti wá dáko kòkó àti obì síbí.

Lónìí, nínú kíláàsì mi tí a ti ń ka Jane Eyre, àwọn ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí, tí wọ́n ń pọnmi, tí wọ́n ń kiri ọjà kí wọ́n tó wá sílé ìwé, kì í béèrè àlàyé nígbà tí ìyàwó arákùnrin ìyá Jane bá tì í mọ́ yàrá. Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí Jane gbọ́ pé Rochester, ọkùnrin tó fẹ́ gbé e níyàwó, ti níyàwó, tó sì sá lọ. Ọmọ kan á ní: "Mà, bàbá tó níyàwó méjì pọ̀ ní Agége. Kí ló dé tí kò lè ṣe ìyàwó kejì?" Mo máa ń ṣàlàyé pé òfin Gẹ̀ẹ́sì kò gbà á, àti pé ẹ̀tàn ni ọkùnrin náà fẹ́ fi gbé e níyàwó. Ọmọbìnrin mìíràn á wá dìde: "Ìyálé tí wọ́n tì mọ́ òkè ilé ńkọ́? Ta ló bi òun léèrè?"

Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Bertha, ìyálé náà, kò sọ tẹnu rẹ̀ nínú ìwé Brontë. Ọdún 1966 ni Jean Rhys, ọmọ erékùṣù Dominica, kọ Wide Sargasso Sea láti fún un lóhùn. Ọmọ tó ti mọ ohun tí ìyálé ń jẹ́ nínú ilé rí Bertha láìsí ẹni tó tọ́ka rẹ̀ sí i.

Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ Jane, wọn kò gbọ́ orúkọ Ṣẹ̀gilọlá rí. Karin Barber, onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá, ti tún ìwé Ṣẹ̀gilọlá tẹ̀ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012, nítorí náà a kò lè sọ pé ó ti sọnù. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka obìnrin méjèèjì pọ̀. Ọmọ Yorùbá ti ń bá obìnrin inú ìwé sunkún, tó ń bá a jiyàn, ní èdè ara rẹ̀ láti 1929. Ẹ̀tọ́ àwọn ọmọ wa ni láti mọ̀ bẹ́ẹ̀.