Bí Ẹ̀rọ Ṣe Di Ẹni Tó Ń Wá Àbùkù Inú Géèmù

Ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ Sega gbé géèmù Aliens: Colonial Marines jáde, ẹ̀fẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó rà á fi àwọn abàmì ẹ̀dá inú rẹ̀ ṣe. Ẹ̀dá tó yẹ kó máa yọ́ kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìn wá, ńṣe ló ń sáré bọ̀ lẹ́nu ìbọn bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ọ̀rọ̀ okùn náà ló sì wà níbẹ̀. Nínú fáìlì tó ń darí géèmù yìí, ibì kan wà tó yẹ kí wọ́n ti kọ "tether", ìyẹn okùn tí a fi ń so ẹran mọ́lẹ̀. "Teather" ni wọ́n kọ. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló lé. Géèmù kò dákú, kò sì pariwo, ó kàn fo ìlà tí kò yé e kọjá. Oṣù keje ọdún 2018 ni ìròyìn rẹ̀ tó tàn ká, lẹ́yìn tí ọ̀kan lára àwọn olólùfẹ́ géèmù náà tú fáìlì wò. Wọ́n yọ "a" yẹn kúrò, ìwà àwọn ẹ̀dá náà sì yí padà.

Irú àṣìṣe tí ojú ènìyàn máa ń gbójú fò nìyẹn, tí ẹ̀rọ sì máa rí kíá bí a bá rán an níṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rán an. Lọ́dún 1978, Stephen Johnson, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ka kóòdù èdè C láìjẹ́ pé kóòdù náà ń ṣiṣẹ́, tó sì ń tọ́ka sí ohunkóhun tó bá fu ú lára. Lint ló sọ ọ́, orúkọ fọ́nrán òwú wẹ́wẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Orúkọ náà bá iṣẹ́ rẹ̀ mu: aṣọ kò ya, ṣùgbọ́n kò tíì ṣeé wọ̀ lọ sóde.

Àwọn tó ń ṣe géèmù nígbà yẹn kò rí ti lint rò. Èdè assembly ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ iṣẹ́ wọn, kì í ṣe C, àyẹ̀wò wọn kò sì ju kí ẹnì kan jókòó máa ta géèmù náà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ wo Pac-Man tí Namco ṣe ní Japan lọ́dún 1980. Àyè tí wọ́n fi ń ka ìpele kò gbà ju 255 lọ. Bí a bá fi ẹyọ kan kún un, òdo ló ń padà dà. Ta ló máa ta á dé ìpele 256? Àwọn kan ta á débẹ̀. Òdo yẹn da orí ètò tó ń ya èso tó ń fi ìpele hàn sísàlẹ̀ rú, dípò èso mélòó kan, ó ń ya 256, títí apá ọ̀tún ojú ẹ̀rọ fi kún fún lẹ́tà àti nọ́ńbà játijàti. Kò sẹ́ni tó lè kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí géèmù wá di iṣẹ́ tí ẹnì kan kò lè dá kà tán, àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ náà gbà fún ẹ̀rọ. John Carmack, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe Doom, kọ̀wé lọ́dún 2011 pé nínú gbogbo ohun tí òun ṣe lẹ́nu ọdún díẹ̀ yẹn, fífi ẹ̀rọ tú kóòdù wò ló ṣe pàtàkì jù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe pọ̀ nínú iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òun kì í ṣe nǹkan kékeré. Èyí tó gba ipò kejì nínú àṣìṣe tó rí kò ju báyìí lọ: kóòdù ní irú nǹkan kan ni òun fẹ́ tẹ̀ jáde, irú mìíràn ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n géèmù kì í ṣe kóòdù nìkan. Àwòrán wà ńbẹ̀, ohùn wà ńbẹ̀, fáìlì bíi ti "teather" náà wà ńbẹ̀, lint kì í sì í ka ìyẹn. Ẹni tó ń fi Godot ṣe géèmù lórí Windows lè pe àwòrán ẹyẹ kan ní "Eye.png", kó wá kọ "eye.png" sínú kóòdù. Windows kò ka ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà ńlá àti kékeré sí, ẹyẹ á máa fò. Ó gbé e sórí fóònù Android, ẹyẹ pòórá. Ètò kékeré kan tó ń fi gbogbo orúkọ inú kóòdù wé orúkọ fáìlì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló ń gbani lọ́wọ́ ìyẹn, kò sì gbọ́n púpọ̀.

Èyí tó gbọ́n ni ti ilé-iṣẹ́ Rare ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbé Sea of Thieves jáde lọ́dún 2018. Robert Masella ṣàlàyé rẹ̀ níbi GDC, àpérò àwọn tó ń ṣe géèmù, lọ́dún tó tẹ̀ lé e: ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń dán ìṣe inú géèmù wò. Ká ní wọ́n gbé ọkọ̀ ojú omi kan sínú ayé tó ṣófo, ẹ̀rọ á yí ìtọ́kọ̀, á sì wò ó bóyá ọkọ̀ yí. Wàhálà irú àyẹ̀wò báyìí ni pé ó lè kùnà lónìí kó sì yege lọ́la, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kóòdù, torí ìṣẹ́jú àáyá kan tí nǹkan fi pẹ́. Wọ́n á yọ èyí tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀, ẹnì kan á sì jókòó tì í, kó lè mọ̀ bóyá géèmù ló ní àbùkù àbí àyẹ̀wò.