Ọtí Inú Ìkòkò, Ọtí Inú Ìgò

Ire-Akárí ní Ìsọlọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, nínú ilé tí èmi àti ìdílé mi ń gbé. Àbúrò mi kan ti London dé, ó sì gbé agolo ńlá kan wá. Ohun dúdú kan wà nínú rẹ̀ tí ó ń fà bí oyin. Ó ní bíà ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi ọtí ìkómọ yìí sílẹ̀ fún mi. Agolo kan ṣoṣo yóò di lítà 23."

Owó tí n kò ní ná ni mo rò, mo gbà. Ó po ohun inú agolo mọ́ omi gbígbóná àti ṣúgà nínú dúrọ́ọ̀mù oníke, ó fi omi tútù lé e, ó wọ́n ìwúkàrà sí i. Ní ọjọ́ karùn-ún ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó dé wọn pinpin. Lóru ọjọ́ kejì a kàn gbọ́ gbàù! gbàù! Àwọn aládùúgbò figbe ta, wọ́n ní olè dé. Kì í ṣe olè o, ìgò ọtí ni ó ń bẹ́ nínú ilé ìdáná wa.

Ìyá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gòkè wá, wọ́n tọ́ ìyókù rẹ̀ wò, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

"Ọtí yín kò tíì dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ fi dí i lẹ́nu. Àwa kì í dé ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ pa nígbà tí ó bá ń hó."

"Ìyá, ṣé ẹ ti pọn ọtí rí ni?"

"Ọmọ mi, obìnrin wo ni kò mọ̀ ọ́n pọn ní àgbàlá ìyá mi?"

Ojú ti àbúrò mi. Ojú ti èmi náà, nítorí pé a ra ohun tí a ní nílé láti òkè òkun. Mo wá jókòó ti ìyá yìí, mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Wọn a rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Wọn a gbọ́n omi rẹ̀ dànù, wọn a tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn a da àgbàdo lé e, wọn a fi ewé bò ó, wọn a sì máa wọ́n omi sí i. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, èéhù yóò yọ. Wọn a sá a sóòrùn, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, wọn a fi asẹ́ sẹ́ ẹ, wọn a sì gbé omi dídùn rẹ̀ kalẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí àtẹ̀yìnwá ni wọ́n ń bù sí i kí ó lè tètè hó. Bákan náà ni wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ọtí.

Èéhù yẹn ni àṣírí rẹ̀. Àgbàdo tí kò hù, bí a bá sè é, ẹ̀kọ ni yóò dà. Ṣùgbọ́n bí ọkà bá ń hù, ó máa ń pèsè agbára kan tí ń sọ ohun tí ì bá di ẹ̀kọ di adùn, kí ọ̀gbìn kékeré náà lè rí i jẹ. Apọntí ni ó já adùn náà gbà lọ́nà. Ìwúkàrà á jẹ ẹ́, á sì sọ ọ́ di ọtí àti afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó bẹ́ ìgò wa. Ohun tí ó sì wà nínú agolo London kò ju èyí lọ: ọkà bálì tí a mú hù ni, tí a se omi rẹ̀ títí ó fi ki, tí a fi òdòdó kíkorò tí wọ́n ń pè ní hops sí i.

Báwo ni iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ gbogbo ilé ṣe wá di ohun ìgbàgbé? Ọtí òyìnbó ni ó kọ́kọ́ dé. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, owó ibodè lórí jíìnì wà lára ohun tí ìjọba àmúnisìn fi ń jẹun ní gúúsù ilẹ̀ yìí. Ní 1919, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fọwọ́ sí ìwé ní Saint-Germain-en-Laye láti dá ògidì ọtí olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó wá sí Áfíríkà dúró. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa wá ń fi ẹmu se ògógóró fúnra wọn ní àwọn ọdún 1930, ìjọba ní ọtí tí kò bófin mu ni, wọ́n sì ń ti àwọn tí ń sè é mọ́lé.

Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ bíà dé. Ní 1946 ni wọ́n dá Nigerian Brewery sílẹ̀, ní oṣù kẹfà 1949 ni ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó. Guinness kọ́ ilé iṣẹ́ sí Ìkẹjà ní 1962. Nígbà tí yóò fi di 1978, wọ́n ti ń pọn bíà ní Iléṣà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí ìyá àgbà wa ti wá. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í pẹ́ kó tó kan. Ìgò a máa dúró fún oṣù púpọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá gbé ìgò ka iwájú àlejò ni ayé ń pè ní ọ̀làjú. Bí ìkòkò ṣe wọ ẹ̀yìnkùlé lọ nìyẹn.

Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn òyìnbó ń sáré lọ síbi tí àwa ń sá kúrò. Láti 1880 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ní kí ẹni tí ń pọn bíà nílé gba ìwé àṣẹ. Ní 1963 ni wọ́n tó mú un kúrò, láti ìgbà náà sì ni agolo bíi ti àbúrò mi ti gbòde. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ Jimmy Carter fọwọ́ sí òfin kan ní 1978 tí ó gba ilé tí àgbàlagbà méjì wà láàyè láti pọn gálọ́ọ̀nù 200 lọ́dún láìsan owó orí.

Nígbà tí ó yá, ìgò padà wá kanlẹ̀kùn ìkòkò. Náírà já wálẹ̀ ní 1986, owó òkè òkun di góòlù. Láti oṣù kìíní 1988, ìjọba Babangida kò jẹ́ kí wọ́n kó ọkà bálì wọlé mọ́. Dandan ni kí àwọn ilé iṣẹ́ fi ọkà bàbà àti àgbàdo pọn bíà. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì níbí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1956, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí rẹ̀.

Ìṣòro ńlá kan wà níbẹ̀. Ohun tí ń di ẹ̀kọ nínú bàbà kì í rọ̀ àfi bí ooru bá tó nǹkan bí ìwọ̀n 70 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ooru yẹn sì ni ó ń pa agbára inú èéhù. Bí o kò bá sè é dáadáa, kò ní rọ̀. Bí o bá sè é, agbára ti kú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ra agbára náà láti òkè òkun, wọ́n ń bù ú sínú àgbá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn obìnrin àríwá Benin tí ń pọn tchoukoutou. Wọn a po ìyẹ̀fun bàbà tó hù mọ́ omi, wọn a jẹ́ kí ó tòrò, wọn a rọra dá omi òkè rẹ̀ sọ́tọ̀. Wọn a se èyí tí ó kù nísàlẹ̀ títí yóò fi rọ̀, bí ó bá sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn a da omi òkè padà sí i. Inú omi òkè yẹn ni agbára èéhù sá pamọ́ sí, iná kò kàn án! Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà kọ irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wọn pé ó dára fún bàbà. Àwọn ìyá tí kò wọ yàrá ìwádìí rí ti ń ṣe é.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí ẹnikẹ́ni máa se ògógóró nílé. Ní 2015, ọ̀pọ̀ ènìyàn kú ní Òde-Ìrèlè àti ní ìpínlẹ̀ Rivers nítorí ọtí tí májèlé methanol wọ inú rẹ̀. Èmi kò sì yin ọ̀mùtí. Ìmọ̀ ni mò ń sọ. Bàbá tí ó ń mu bíà tí a fi bàbà pọn lónìí, ọmọ rẹ̀ lè má mọ̀ pé ìyá ìyá òun mọ iṣẹ́ yẹn dénúdénú.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ìyá àgbà jókòó sórí àpótí, àbúrò mi ń tẹ́ ewé, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Nígbà tí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà kan tán, kò ju ọjọ́ díẹ̀ tí ó lè lò, nítorí náà a ní láti pe gbogbo àdúgbò. Kò sí ìgò tí ó bẹ́. Mo wá rí i pé bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí láyé àtijọ́ nìyẹn: a kì í pọn ọ́n fún ẹnì kan. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá àgbà nílé, ẹ lọ bi wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Ire tí a bá mọ̀ ọ́n ṣe ni ó lè kárí.