Ta ló ya ojú ọ̀run wa?

1/ Ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀kan nínú àwọn àwòrán ojú ọ̀run tó lókìkí jù láyé, ìtòsí wa níbí ni wọ́n ti yà á? Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

2/ Erékùṣù Príncipe ni, nísàlẹ̀ Nàìjíríà, láàárín òkun. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1919, òṣùpá bo oòrùn, ọ̀sán dòru fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Arthur Eddington àti Edwin Cottingham wá láti Ìlú Ọba, wọ́n gbé kámẹ́rà kalẹ̀ sínú oko kòkó. Bẹ́ẹ̀ ni o, oko kòkó!

3/ Einstein ló ní ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá máa tẹ̀ díẹ̀. Ojú lásán ò lè rí i, àfi àwòrán. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìkùukùu ò jẹ́ kí wọ́n ríran. Nínú àwòrán 16, méjì péré ló wúlò. Wọ́n fi í pẹ̀lú èyí táwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yà ní Sobral, Brazil. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n kéde ní London pé òótọ́ ni Einstein sọ.

4/ Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 20 oṣù Karùn-ún ọdún 1947. Òjìji òṣùpá gba Gold Coast, Tógò àti Dahomey wọ Nàìjíríà. Ní Kúta, mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà tó ń fi í ka ọjọ́ orí: "Ọdún tí ọ̀sán dòru ni wọ́n bí mi." Mo bi wọ́n bóyá ẹnì kankan ní àwòrán ọjọ́ náà. Ìtàn wà, àwòrán ò sí.

5/ Ti 29 oṣù Kẹta ọdún 2006 ńkọ́? Lápá kan àríwá Nàìjíríà, oòrùn wọlé pátá. Níhìn-ín, òṣùpá kàn bù ú jẹ ni. Ṣùgbọ́n fóònù oníkámẹ́rà ò tí ì wọ́pọ̀ nígbà yẹn. Èyí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ báyẹn.

6/ Ìdí tí mo fi ń yà á nìyẹn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ gbé fóònù lé orí odó tí ò mì, ẹ ṣí ojú kámẹ́rà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 30. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìràwọ̀ tójú yín ò rí á yọ síta. Òṣùpá ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, tó pọ́n bí epo, tèmi wà lọ́wọ́ mi.

7/ Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2027, ọ̀sán á dòru láti Mòrókò dé Íjíbítì; níbí, òṣùpá á bu oòrùn jẹ. Ẹ má fojú lásán wò ó o! Ẹ wá awò tí wọ́n ṣe fún un, kẹ́ ẹ sì fi irú rẹ̀ bo ojú kámẹ́rà. Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ kọ ọjọ́, aago àti orúkọ ìlú sí i, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Fóònù kì í pẹ́ bàjẹ́.