Àjẹ̀, Kẹ̀kẹ́ àti Ẹsẹ̀: Ìtàn Ìfaradà láti Odò Warri dé Erékùṣù Hawaii

Bí a bá sọ fún àgbà kan ní abúlé pé àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń san owó kí wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́, kí wọ́n sì tún sáré láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, ‘Kí ni ó ń lé wọn?’ Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òpè. Àwọn baba wa ti sọ pé ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ní ń lé e. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ìtàn eré-ìje ọlọ́nà-mẹ́ta tí àwọn òyìnbó ń pè ní Triathlon, pàápàá èyí tí ọ̀nà rẹ̀ jìn jù, kí n sì fi í wé irú ìfaradà tí àwọn ará Warri àti àwa ọmọ Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́.

Erékùṣù Oahu ní Hawaii, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni eré ọlọ́nà jíjìn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1977, àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn eléré ìdárayá ibẹ̀: nínú òmùwẹ̀, akẹ́kẹ́ àti asáré, ta ni ara rẹ̀ le jù? John Collins, ọ̀gá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi, àti Judy ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n dá a lábàá pé kí a so ìje mẹ́ta tí ó ti wà ní erékùṣù náà pọ̀ di ẹyọ kan. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1978, ènìyàn 15 bọ́ sínú òkun. Wọ́n lúwẹ̀ẹ́ fún kìlómítà 3.8, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ fún 180, wọ́n sì sáré fún 42.2. Àwọn 12 ni ó parí rẹ̀. Gordon Haller ni ó ṣáájú, ó sì lo wákàtí 11, ìṣẹ́jú 46 àti ìṣẹ́jú àáyá 58. Ní ọdún kejì, Lyn Lemaire di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó parí ìje náà.

Kí ó baà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ tiwa wọn ọ̀nà náà. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ fún kìlómítà 180 dà bí ẹni tí ó ti Warri lọ sí ìlú Bìní, tí ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ padà dé Warri. Lẹ́yìn èyí, eré ẹsẹ̀ tí ó kù fún un kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí ọ̀nà Warri sí Sapele. Síbẹ̀, àwọn kan ní kò tó. Ní ọdún 1983, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ ní Hawaii tí wọ́n ń pè ní Ultraman. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń ṣe é, eré ẹsẹ̀ ti ọjọ́ kẹta nìkan sì jẹ́ kìlómítà 84. Èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kúrú ni ó wọ ìdíje Òlíńpíìkì ní Sydney ní ọdún 2000.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí Warri. Omi ni ọ̀nà àtijọ́ ní agbègbè náà. Àwọn Ìṣẹ́kírì, tí èdè wọn bá tiwa tan pẹ́kípẹ́kí, àwọn Ìjọ àti àwọn Ùròbò mọ ọkọ̀ wíwà gẹ́gẹ́ bí a ti mọ oko ríro. Àwọn oníṣòwò a máa gba inú àwọn odò kéékèèké wá sí ilẹ̀ Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú títí dé Èkó, agbára apá nìkan ni ó sì ń gbé ọkọ̀ wọn. Àpẹẹrẹ tí ó lókìkí jù ni ti Nana Olomu, gómìnà Odò Bìní, oníṣòwò epo pàtàkì. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ ìlú rẹ̀, Ebrohimi, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1894, inú àwọn odò wọ̀nyí ni ó gbà sá lọ sí Èkó, kí ó tó jọ̀wọ́ ara rẹ̀ fún ìjọba níbẹ̀. Wọ́n lé e kúrò ní ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí Kàlàbá, lẹ́yìn náà sí Àkrá. Ọdún 1906 ni ó tó padà wálé, ó sì kú ní ọdún 1916.

Lórí ilẹ̀ náà, ìfaradà kò ṣọ̀wọ́n. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ẹsẹ̀ ni àwọn ońṣẹ́ ọba fi ń jẹ́ iṣẹ́, ẹsẹ̀ náà ni a fi ń gbé àrokò àti lẹ́tà láti ìlú dé ìlú. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, àwọn oníṣòwò ní ìhà gúúsù Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹrù gbígbé: garawa epo lẹ́yìn, ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ níwájú. Àwọn Ùròbò tí wọ́n wá ń kọ ẹyìn ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní agbègbè Òkìtìpupa, mọ bí ọ̀nà oko àti ọjà ti ń jìn tó.

Ṣé kí a wá sọ pé àwọn baba wa ni ó dá Triathlon sílẹ̀? Rárá o. Irú ìwúrí bẹ́ẹ̀ kò yẹ akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn. Atukọ̀ Nana kò bá ẹnikẹ́ni díje. Ikú ni ó ń sá fún. Ẹlépo kò ka ìṣẹ́jú. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni ó ń wá. Iṣẹ́ ni ó kọ́ wọn ní ìfaradà, iṣẹ́ náà ni ó sì máa ń gbó wọn kíákíá. Eré-ìje ọlọ́nà-mẹ́ta jẹ́ ohun tí ẹni tí ó yó, tí ó sì ní àyè, fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. A mọ orúkọ Nana tí ó jókòó nínú ọkọ̀. Ta ni nínú wa tí ó mọ orúkọ àwọn tí ó di àjẹ̀ mú? Ní Hawaii, kì í ṣe orúkọ Haller nìkan ni wọ́n pa mọ́. Wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ̀yìn àti àkókò tí ó lò sílẹ̀. Ohun tuntun tí eré yìí mú wá sí ayé, lójú tèmi, kì í ṣe agbára. Ohun náà ni pé a ń kọ orúkọ ẹni tí ó fi ara rẹ̀ ṣiṣẹ́.

Níbi tí a bá ti kọ ọ́, ìtàn kì í sọnù. Ọlábísí Àjàlá, tí gbogbo wa mọ̀ sí Àjàlá arìnrìn-àjò, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles ní ọdún 1952 nínú agbádá, ọ̀nà tí ó ju 3,500 kìlómítà lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, Akinrodoye Samuel lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Third Mainland ní Èkó, ó fi ń pe àkíyèsí àwọn ènìyàn sí ìlera ọpọlọ. Ó dájú pé a óò máa rántí àwọn méjèèjì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá fẹ́ dán irú ìje yìí wò, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀nà kúkúrú, kí ẹ máa fi kún un lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa sinmi. Òórùn wa kì í ṣe ẹgbẹ́ òórùn ilẹ̀ òyìnbó: kùtùkùtù ni kí ẹ máa sáré, kí ẹ mu omi, kí ẹ sì fi iyọ̀ àti oúnjẹ tì í lẹ́yìn, nítorí omi nìkan ní àmujù léwu. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá nìkan wọ odò, bí ó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Ní agbègbè Warri, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja bóyá epo rọ̀bì ti ba omi náà jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ odò tí àwọn àgbà ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ kò mọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò sì ní sáré, iṣẹ́ tiyín ń bẹ nílẹ̀. Bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ wá àgbà atukọ̀ tàbí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ epo kan tí ó ṣì wà láàyè. Ẹ béèrè orúkọ rẹ̀, ọ̀nà tí ó máa ń gbà, ọjọ́ tí ó máa ń lò lójú ọ̀nà àti ohun tí ó máa ń jẹ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì mú un wá fún ẹ̀ka wa. Bí a kò bá ṣe é nísinsìnyí, orúkọ wọn yóò bá ti àwọn atukọ̀ Nana lọ.